Ẹ̀kọ́ Ilẹ̀: Láti Cape Coast dé Ajue

Bí wọ́n bá dárúkọ Ọ̀rẹ̀, ogun ọdún 1967 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" ti wà lẹ́nu aráyé. Ṣùgbọ́n ní Ajue àti láwọn abúlé àgbẹ̀ yòókù ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, ìjà mìíràn wà tí kò ní ìró ìbọn nínú: ta ni ó láṣẹ lórí ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ń ro? Àwọn ará ibòmíràn ti ja ìjà yìí rí.

Ní ọdún 1897, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé àbá òfin kan kalẹ̀ ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà òde òní, láti lè máa ṣàkóso ilẹ̀ tí wọ́n kà sí òfìfo. Àwọn ọba àti ọ̀mọ̀wé dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Cape Coast. Wọ́n ní kò sí ilẹ̀ tí kò lẹ́ni tó ni ín. Wọn kò dúró kí àbá di òfin. Ní 1898 aṣojú wọn ti dé London, àbá náà sì wọmi. Ní 1913, J. E. Casely Hayford, agbẹjọ́rò láti ilẹ̀ náà, kọ ìwé lórí ọ̀ràn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì mú ọ̀ràn Nàìjíríà mọ́ ọn.

Èkó náà ní ìtàn tirẹ̀. Ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, wọn kò sì fẹ́ san owó ilẹ̀ náà pé. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, pè wọ́n lẹ́jọ́. Nígbà tí kò rí ìdáláre nílé, ó gba London lọ ní 1920 pẹ̀lú Herbert Macaulay. Ní 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council dájọ́ pé àwùjọ ló ni ilẹ̀, olóyè kàn ń bójú tó o fún wọn ni, nítorí náà kí ìjọba san owó gbà-má-bínú bí ẹni ra ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 yí èyí padà. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ó fi ilẹ̀ ìgbèríko sábẹ́ àkóso ìjọba ìbílẹ̀, tí ó lè fún ẹnì kan ní 500 hẹ́kítà fún oko láìtọrọ àṣẹ gómìnà. Bí wọ́n bá gba oko lọ́wọ́ àgbẹ̀, ohun tó wà lórí ilẹ̀, bí ilé àti irè oko, ni wọn yóò san owó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwùjọ ló ni ẹ̀tọ́, òfin gbà kí owó lọ sọ́wọ́ àwùjọ tàbí olórí wọn, kí wọ́n ná an bí àṣà ti wí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ajue wà. Bí onílẹ̀ tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ àti àlejò tí ó gbin kòkó kò bá tíì fẹnu kò lórí ààlà àti lórí ẹni tí owó tọ́ sí, ta ni yóò gbèjà wọn lọ́jọ́ tí awọnlẹ̀ bá dé? Kí wọ́n jókòó nísinsìnyí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Cape Coast kò dúró de òfin kí ó tó sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.