Níbo ni ẹjọ́ awakọ̀ ọ̀mùtí Ṣómólú wà?

Ẹni tó bá ń gbé ní Houston ní Amẹ́ríkà lè jókòó sílé, kó tẹ orúkọ èèyàn sórí ìkànnì akọ̀wé kóòtù Harris County, kó sì rí i bóyá wọ́n ti gbé onítọ̀hún lọ sí kóòtù rí nítorí pé ó mutí wakọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé lọ́hùn-ún mọ ohun tí à ń wí. Ṣùgbọ́n ẹ wá dúró ní ibùdókọ̀ Fọlá Agoro lónìí, kí ẹ béèrè pé awakọ̀ mélòó ni wọ́n ti dá lẹ́jọ́ ní àdúgbò yìí nítorí ọtí láti bí ọgọ́ta ọdún. Kò sí ibì kan ṣoṣo tí ẹ máa kọrí sí. Àdúgbò tí wọ́n ti ń tẹ ìwé fún gbogbo Èkó ni Ṣómólú, àmọ́ ìwé ẹjọ́ tirẹ̀ fọ́n ká bí èèpo ẹ̀pà. Ìtàn ló fà á.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ààlà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ pé Ṣómólú àti Bàrígà kò sí lábẹ́ ìjọba kan náà pẹ̀lú Yábàá kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, 1967. Nígbà tí wọ́n yọ Èkó sọ́tọ̀ ní 1954 gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú ìjọba àpapọ̀, Erékùṣù Èkó, Èbúté Mẹ́ta àti Yábàá bọ́ sínú rẹ̀. Múṣin, Ìkẹjà, Agége àti Ṣómólú wà lọ́wọ́ Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí olú-ìlú tirẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn. Ẹ wá fojú inú wo awakọ̀ kan ní 1960 tó mu ẹmu yó ní Yábàá, tó wá lọ gbá èèyàn ní Ṣómólú. Ibi tí ẹsẹ̀ lè rìn dé ni, síbẹ̀ ó ti kúrò lábẹ́ ìjọba kan bọ́ sábẹ́ òmíràn. Ẹni tó bá ń wá ìwé rẹ̀ ní Èkó nìkan lè wá a títí kó má rí i. Ó yẹ kó dé Ìbàdàn, sí National Archives tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike dá sílẹ̀ ní 1954, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Kódà fáìlì ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà Kólónì Èkó ti ayé Òyìnbó, èyí tí wọ́n fi àmì COMCOL sí, Ìbàdàn náà ló wà.

Ìwé ìròyìn ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Daily Times ti bẹ̀rẹ̀ láti 1926, ìròyìn kóòtù májísíréètì kò sì wọ́n nínú irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ ọtí nínú àkọlé máa pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n sábà máa ń kọ ni pé awakọ̀ wa ìwàkuwà, tàbí pé ó fi ìwàkuwà pa èèyàn. Ọtí lè wà nínú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, kó má sí nínú ẹ̀sùn rárá. Lójú tiwa, ibí yìí gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà: wọn kì í fi orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà pè é. Kí ọlọ́pàá tó fi ọtí kan èèyàn ní kóòtù, ó gbọ́dọ̀ lè fi hàn. Òórùn ẹnu àti ìrìn ségesège, lọ́yà tó mọṣẹ́ á tú u ká kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ti ìwàkuwà rọrùn: ọkọ̀ ti fọ́, èèyàn ti ṣèṣe, àwọn tó rí i dúró síbẹ̀. Òfin sọ pé ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 0.05 nínú mílílítà 100 lọ, àmọ́ níbi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ tí awakọ̀ máa fẹ́ èémí sí, ta ló máa wọ̀n ọ́n?

Ní 1977, nígbà tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń gbẹ̀mí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, Wọlé Ṣóyínká tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ ló léwájú nínú dídá Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀. (Àwọn ọmọ Ifẹ̀ tó wà láàárín wa kì í jẹ́ ká gbàgbé èyí.) Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ fi Dìkíríì 45 dá FRSC sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́. Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ìwé ẹjọ́? Ó pọ̀. FRSC ń lo ìwé ìtanràn: wọ́n á kọ ẹ̀ṣẹ̀ awakọ̀ sí i, á lọ sanwó ní báńkì, ọ̀rọ̀ parí. Nínú ìlànà tí wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó ìtanràn ẹni tó mutí wakọ̀ jẹ́ 5,000 náírà. Ẹni tó bá ti san án kò dé iwájú adájọ́, kóòtù kò sì ní ìwé kankan tó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nínú ìṣirò ìjàǹbá ọkọ̀ tí FRSC ń kó jọ, eré àsápajúdé ló máa ń wà lókè, ti ọtí máa ń kéré gan-an. Kí ẹ má tètè yọ̀ o. Ohun tí wọn kò wọ̀n, wọn kò lè kà á.

Àwọn tó dé kóòtù ńkọ́? Ti agbègbè wa sábà máa ń lọ sí kóòtù májísíréètì Yábàá tàbí ti Èbúté Mẹ́ta. Ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ májísíréètì fi ń kọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ sínú ìwé ńlá, inú yàrá akọ̀wé kóòtù ni ìwé náà sì ń sùn. Èyí tí wọ́n bá pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lé lórí ń lọ sí kóòtù gíga. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, 2020, ọjọ́ kejì ìbọn Lekki, wọ́n dáná sun kóòtù gíga Igbóṣẹ̀rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó. Fáìlì jóná lọ rẹpẹtẹ.

Òfin fúnra rẹ̀ kò bá ẹni tó ń wá ìwé jà. Abala 36 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé ìta gbangba ni kí wọ́n ti máa gbọ́ ẹjọ́, pé kóòtù gbọ́dọ̀ ṣe àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ọ̀daràn, àti pé olùjẹ́jọ́ tàbí ẹni tó bá fún láṣẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ 7. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní kí òṣìṣẹ́ tí ìwé ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i ní ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀, tó bá ti sanwó rẹ̀. Ọdún 2011 yẹn kan náà ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin òmìnira ìròyìn: ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Fún ọdún gbọọrọ ni àwọn ìpínlẹ̀ fi ń jiyàn pé òfin náà kò kan àwọn, kí Kóòtù Tó Ga Jùlọ tó parí ìjà náà ní oṣù Kẹrin, 2025: ó kàn wọ́n.

Ta ni gbogbo èyí wà fún? Ìdílé tí ọkọ̀ pa bàbá wọn nílò ìwé kí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò tó dá wọn lóhùn. Awakọ̀ dánfó tí gbogbo Bàrígà ń pè ní ọ̀mùtí, tí kóòtù sì dá sílẹ̀, òun náà nílò rẹ̀, torí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé èèyàn dé kóòtù ni ìwé ìròyìn máa ń kọ. Ọjọ́ ìdájọ́, oníròyìn ti lọ síbòmíràn. Ìdí nìyí tí a kò fi ní dárúkọ ẹnì kankan níbí, bí a tilẹ̀ rí orúkọ wọn nínú ìwé ìròyìn.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó má bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Kó mú ọjọ́ ìjàǹbá, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti àgọ́ ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kó wá ẹ̀sùn ìwàkuwà, kó wá ka ọ̀rọ̀ dókítà àti ti ẹlẹ́rìí dé ìsàlẹ̀. Ní tiwa, ọdún 1960 sí 1967 la fẹ́ kọ́kọ́ wò, Ṣómólú àti Bàrígà nìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UI, tí ẹ lè yọjú sí National Archives láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí wa.