Ìwé tó sọ ẹni tó gbin igbó di ọ̀daràn

Ọ̀rọ̀ igbó Kissidougou ní Gínì ló délẹ̀ lónìí. Ọ̀dàn ló tẹ́ rẹrẹ níbẹ̀, àmọ́ igbó dúdú yí àwọn abúlé ká. Àwọn òyìnbó Faransé rí i, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé igbó ńlá ló bo gbogbo ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, pé àgbẹ̀ ló jó o tán, tó ku díẹ̀díẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn di òfin: ẹni tó bá dáná sungbó yóò san owó ìtanràn. Òmìnira dé, ìjọba ò yí ohùn padà.

Ìgbà tó yá, James Fairhead àti Melissa Leach lọ bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀. Wọ́n tún mú fọ́tò tí bàálù yà ní 1952, wọ́n fi wé àwòrán sátẹ́láìtì. Háà! Igbó ò dín kù. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, ńṣe ló fẹ̀ sí i. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló tọ́ ọ dàgbà, kó lè dí iná lọ́nà, kó ṣe odi nígbà ogun, kó ṣíji bo kọfí. Ẹ rò ó wò: bàbá àgbà gbin igi, wọ́n ní ìran rẹ̀ ló pa igbó run!

Ìwé wọn, Misreading the African Landscape, jáde ní 1996. Awuyewuye tó dá sílẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ igbó ò kéré rárá.