Líle: àìṣẹ́ ni àbí àìtẹ̀?

Bí kápẹ́ńtà kan ní Manigri bá ní igi àjà kan le, ó lè jẹ́ pé kò ní ṣẹ́, ó sì lè jẹ́ pé kò ní tẹ̀. Ẹni tó ń ṣírò ẹ̀rọ tàbí ilé kò gbọdọ̀ da méjèèjì pọ̀. Ẹ wo pákó tó fẹ̀ ní 20 sẹ̀ǹtímítà, tó nípọn ní 5. Bí a bá dá a bùú gbalaja, tí a wá yí i dúró ní ẹ̀gbẹ́, ẹrù tó lè gbé kó tó ṣẹ́ yóò di ìlọ́po 4. Títẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ẹrù kan náà yóò sì dín kù sí ìdá kan nínú 16. Igi kan náà ni o! Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a fi «agbára» pe àìṣẹ́, kí «líle» jẹ́ ti àìtẹ̀.

Bí irin kan bá ń tẹ̀ jù, ẹlòmíràn á ní kí a kúkú ra irin tó lágbára jù ú lọ. Irin yẹn kò ní tètè ṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò tẹ̀ bíi ti irin lásán: ìwọ̀n líle àwọn méjèèjì kò jìnnà sí 200 gigapascal. Bí títẹ̀ kò bá sì fọ́ nǹkan, ṣé ó léwu? Bí ọ̀pá inú ẹ̀rọ bá tẹ̀ díẹ̀, eyín jíà kò ní wọnú ara wọn dáadáa mọ́, bíárìn á sì tètè jẹ.