Ọmọ-Ogun Tí Kò Ní Oríkì

Bí ènìyàn bá ń wá ìtàn ogun nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá, orúkọ balógun ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ògúnmọ́lá, Látòósà, Ògèdèńgbé: oríkì wọn kò tíì parun lẹ́nu àwọn akéwì. Àwọn tí ó ru ìbọn tẹ̀lé wọn ńkọ́? Nígbà tí ogun tú Ilé-Ifẹ̀ ní 1849, tí Ìlódè àti àwọn àdúgbò yòókù dahoro, àwọn ọkùnrin tí ó jà tí wọ́n sì kú níbẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n ìtàn kò dárúkọ wọn. Èdè wa pàápàá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ogun, pe ìjà àti àwọn tí ń jà á.

Ní Ilé-Ifẹ̀ kan náà, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni Biyi Bandele ti kọ́ nípa eré oníṣe. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Bọ́mà nígbà Ogun Hítílà. Ìròyìn tí bàbá yìí ń sọ ni ó di ìwé ìtàn àròsọ Burma Boy ní 2007.

Ali Banana ni olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, ọmọdé tí ó purọ́ ọjọ́ orí kí wọ́n lè gbà á síṣẹ́ ológun. Farabiti ni ipò rẹ̀; kò sí ipò tí ó rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ní 1944, ọkọ̀ òfuurufú gbé àwọn ọmọ-ogun Wingate sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn àwọn ará Jàpáànì. Wọ́n sọ ọ̀kan nínú àwọn ibùdó wọn ní White City, Ìlú Funfun, nítorí páráṣúùtì funfun tí a fi ń sọ oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ láti òkè há sórí igi káàkiri. Ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó dáàbò bò ó. Lóru ni ọ̀tá ń ya lù wọ́n, tí òkú yóò sì há sára wáyà ẹlẹ́gùn-ún títí yóò fi máa rùn. Ali kò mọ ète ọ̀gágun. Òùngbẹ, ìbaaka, ẹ̀fẹ̀ àti ikú ọ̀rẹ́ ni ó mọ̀. Ẹ̀rín pọ̀ nínú ìwé náà, ẹ̀rín àwọn tí ẹ̀rù ń bà. Bí àléébù kan bá wà, òun ni pé Wingate fúnra rẹ̀ ni òǹkọ̀wé fi ṣí ìtàn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé òǹkọ̀wé ti sọ àsọdùn, kí ó ka àkọsílẹ̀ Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1999. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọṣẹ́ ológun, láìgba àṣẹ òbí. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ará Jàpáànì lúgọ dè wọ́n létí odò Kaladan. Ọta ṣẹ́ egungun itan rẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, fara pamọ́ fún oṣù 9. Àgbẹ̀ mùsùlùmí kan, Shuyiman, ni ó ń bọ́ wọn, tí ó sì gbé wọn pamọ́ sílé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí àṣírí bá tú, òun àti ìdílé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kú.

Ní 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips mú lẹ́tà ọpẹ́ Fadoyebo lọ sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú; àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó gbà á.