Ìtàn Fouga 90, Àbígbẹ̀yìn Ìran Magister

Àwọn tí ó mọ ìró Magister, bàálù jẹ́ẹ̀tì ìkọ́ni, lójú òfuurufú Gabon ti ń darúgbó ní Libreville níbi, bí àgbà kọ̀ọ̀kan sì ti ń lọ ni ìtàn ń bá a lọ. Nítorí náà ni mo ṣe mú kálàmù, kí a má baà gbàgbé Fouga 90, àbígbẹ̀yìn bàálù náà, tí wọn kò jẹ́ kí ó ní àtẹ̀lé.

Gaston Fouga ni ó dá ilé iṣẹ́ Fouga, tí ó kọ́ Magister, sílẹ̀ ní Béziers ní ilẹ̀ Faransé ní 1920, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé iṣẹ́ Potez jọba lórí ilé náà ní 1958, Sud Aviation gba adé ní 1967, Aérospatiale gorí ìtẹ́ ní 1970. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, ilé náà ti bọ́ sí kíkọ́ bàálù: àwọn ayàwòrán bàálù rẹ̀, Castello àti Mauboussin, ni ó bí Magister, tí ó fò lákọ̀ọ́kọ́ ní ọjọ́ 23 oṣù Keje 1952: Magister onírù méjì tí ó là sókè, asúfèé lójú ọ̀run, olùkọ́ ọmọ ogun ilẹ̀ púpọ̀. Bí a bá pè é ní jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí a dìídì kọ́ fún ìkọ́ni, àwọn ará Holland a ní Fokker S.14 ti wọn ti fò ní 1951. N kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Fokker wọn kò ju nǹkan bí ogún lọ, Magister sì lé ní 900.

Ta ni yóò sì gbàgbé Katanga, ẹkùn Congo tí ó fẹ́ ya kúrò? Ní oṣù Kẹsàn-án 1961, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Katanga àti ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, Magister kan ṣoṣo ti Katanga, bàálù tí a kọ́ láti fi kọ́ ọmọ ní fífò, ni ó sọ ara rẹ̀ di ọba òfuurufú; àwọn ọmọ ogun Ireland bí 150 tí ó wà lára ọmọ ogun Àjọ náà, tí Pat Quinlan ṣe ọ̀gá wọn ní ìlú Jadotville, kò ní bàálù ìjà kankan tí wọn yóò fi kò ó lójú, òkè ni ó sì ti ń rọ̀jò ọta lé wọn lórí.

Ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. Fouga 90 fò lákọ̀ọ́kọ́ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ 1978 pẹ̀lú ìrù baba rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìjókòó olùkọ́ ga kí ó lè wo iwájú ré kọjá orí akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì fi ẹ́ńjìnnì Astafan rọ́pò Marboré tí ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Àwọn kan ní ayé rẹ̀ ti kọjá kí ó tó dé. Mo gbé ọ̀rọ̀ wọn sórí ìwọ̀n, ó fúyẹ́: owó epo ti fò sókè láti 1973, ẹni tí ó sì ti mọ Magister ìbá tètè mọ ọmọ rẹ̀ lò. Láàárín àwọn bàálù ìkọ́ni, Alpha Jet ni ó dí i lọ́nà lókè, Epsilon tí owó rẹ̀ kò pọ̀ dí i nísàlẹ̀. Togo ra àwọn méjèèjì, Nàìjíríà ra Alpha Jet. Ẹyọ kan ṣoṣo ni a kọ́ nínú Fouga 90.