PinchukArtCentre

Ilé iṣẹ́ ọnà òde òní ní Kyiv, olú-ìlú Ukraine. Oníṣòwò Victor Pinchuk ló dá a sílẹ̀ ní 2006. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ ibẹ̀. Àsọyé àti ìjíròrò pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà máa ń wáyé níbẹ̀. Láti 2016 ni ẹ̀ka ìwádìí rẹ̀ ti ń kó ìtàn iṣẹ́ ọnà Ukraine jọ.

Ẹ̀bùn Future Generation Art Prize ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká: $100,000 ni, oníṣẹ́ ọnà tí kò ju ọmọ ọdún 35 lọ ló wà fún. Cinthia Marcelle, ọmọ Brazil, ló kọ́kọ́ gbà á ní 2010. Ní May 2022, ilé tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń lò tẹ́lẹ̀ ní Davos, ní Switzerland, ni PinchukArtCentre ti bá wọn ṣàfihàn ìwà ọ̀daràn ogun tí Rọ́ṣíà hù ní Ukraine.