Ibi Tí A Sin Àwọn Baba Wa Sí

Bí ọmọ Ìsundunrin kan bá ti òkèèrè dé, tí ó ń wá sàréè baba ńlá rẹ̀, itẹ́ òkú ìjọ ni yóò kọ́kọ́ gbà lọ. Ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ ka gbogbo orúkọ tí a kọ sára sìmẹ́ńtì tán, ó ṣeé ṣe kí ó má bá baba náà níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ilé ni Yorùbá ń sin àgbà sí láyé àtijọ́. Samuel Johnson sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Àwọn tí ikú wọn la ètùtù lọ, bí ẹni tí àrá pa, adẹ́tẹ̀ tàbí abuké, ni a kì í sin sílé. Nítorí náà, lójú àwọn baba wa, kí a sin àgbà sí ẹ̀yìn odi dà bí ìtanù. Ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ ni ó mú àyípadà wá. Ní 1855 ni iṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí Ẹ̀jìgbò. Díẹ̀díẹ̀ ni itẹ́ òkú ìjọ ń dé àwọn ìlú kéékèèké. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí ni a ṣì ń sin sílé.

Ta ni ó wá ń pa orúkọ ẹni tí kò ní òkúta lórí mọ́? Oríkì ni. Ìyá àgbà tí ó ń ki ọmọ ní òwúrọ̀ lè dárúkọ ìran mẹ́ta láìwo ìwé. Oríkì kì í sọ ọdún. Iṣẹ́, ìwà àti ìlú tí a ti ṣí wá ni ó ń sọ. Ìyá náà ni ó sì mọ yàrá tí a kò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀.

Ibí ni ewu wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ agbègbè Ẹ̀jìgbò ni ó ti fi Àbíjàn, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ṣe ilé. Baálé kú, ilé dahoro. Bí ògiri alámọ̀ bá wó, tí òjò sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, sàréè bá a lọ. Bí ọmọ bá sì padà wá kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó lè fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lé baba ńlá rẹ̀ lórí láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tètè ṣe é. Kí a tó wó ilé àtijọ́, ẹ jẹ́ kí a jókòó ti ẹni tí ó dàgbà jù nínú ẹbí, kí a bi í léèrè: ta ni ó sùn síbí? Kí a kọ orúkọ náà sílẹ̀, kí a gba oríkì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kí a sì fi àmì sí ojú ibẹ̀. Òkú kò ní jí sọ orúkọ ara rẹ̀ fún wa. Àgbà tí ó mọ̀ ọ́n kò sì ní wà títí.